Obìnrin Tí Kò Fi Ìṣèlú Ṣe Oúnjẹ: Ìtàn Eugenia Charles ti Dominica

Ìbéèrè kan wà tí àwọn òbí kì í yé bi wá: "Pásítọ̀, ọmọ mi ní òun fẹ́ ṣe òṣèlú. Ṣé kí n gbà fún un, tàbí kí n kọ̀?" Ìbéèrè tí ó ń dá jìnnìjìnnì sí òbí lára ni. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti rí ọmọ ènìyàn rere tí ó wọ ìṣèlú tí kò sì padà wálé bí ó ṣe jáde. Síbẹ̀, bí gbogbo ènìyàn rere bá jókòó sílé, ta ni yóò máa ṣe ìlú?

A kò fẹ́ dáhùn ìbéèrè yìí ní àfẹnujẹ́ lásán. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Nítorí náà, a fẹ́ mú ìtàn obìnrin kan wá síwájú yín. Ó wọ ìṣèlú nígbà tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ẹni 50 ọdún, ó di olórí ìjọba, ó lo ọdún 15 lórí àga, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn kúrò níbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Mary Eugenia Charles. Àwọn ará ìlú rẹ̀ a máa pè é ní "Mamo". Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí a dìbò yàn láti jẹ́ olórí ìjọba ní gbogbo àwọn erékùṣù Karíbíà. Kì í ṣe pé gbogbo ohun tí ó ṣe ni ó dára lójú gbogbo ènìyàn, a kò sì ní fi àléébù rẹ̀ pamọ́ fún yín.

ERÉKÙṢÙ KÉKERÉ KAN LÁÀRIN OMI

Dominica wà nínú Òkun Karíbíà, láàrin Guadeloupe àti Martinique tí í ṣe ti ìjọba Faransé. Kí ẹnikẹ́ni má ṣì í mú fún Dominican Republic, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè Sípéènì. Ìlú méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Gbogbo ilẹ̀ Dominica kò ju nǹkan bí 750 kìlómítà níbùú àti lóròó lọ. Ní nǹkan bí ọdún 1980, àwọn ènìyàn tí ó ń gbé ibẹ̀ kò ju nǹkan bí 75,000 lọ. Òkè ni ó pọ̀ jù níbẹ̀, àti igbó dúdú, àti odò lóríṣiríṣi. Àwọn tí ó pọ̀ jù nínú ará ibẹ̀ jẹ́ ìran àwọn ènìyàn dúdú tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Áfíríkà. Iṣẹ́ tí ó ń bọ́ wọn nígbà náà ni oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, tí wọ́n máa ń fi ọkọ̀ òkun kó lọ tà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń ṣe àkóso wọn títí di ọjọ́ 3 oṣù kọkànlá ọdún 1978, tí wọ́n gba òmìnira.

Ní abúlé etí òkun kan tí a ń pè ní Pointe Michel ni wọ́n ti bí Eugenia, ní ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún ọdún 1919. Bíríkìlà ni baba rẹ̀, John Baptiste Charles, ní ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ títí ó fi di oníṣòwò tí ó ní ilẹ̀ àti dúkìá. Ó wà lára àwọn tí ó dá báǹkì kékeré kan sílẹ̀, níbi tí tálákà ti lè máa fi kọ́bọ̀ kọ́bọ̀ pamọ́. Ọkùnrin náà pẹ́ láyé ju 100 ọdún lọ. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ọmọbìnrin yìí dàgbà sí, ilé tí wọ́n ti ń ṣírò owó kí wọ́n tó ná an.

Wọ́n rán an lọ sí yunifásítì ìlú Toronto ní Kánádà, lẹ́yìn náà ó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́yà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1947 ni wọ́n gbà á wọ ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò. Nígbà tí ó padà sílé ní ọdún 1949, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó ṣe iṣẹ́ lọ́yà ní erékùṣù náà. Kò lọ́kọ, kò sì bímọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni ó dojú kọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọkàn sí èyí: láti ọdún 1949 títí di 1968, ọdún 19 gbáko, kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n sí olóṣèlú. Lọ́yà ni, ó ní ọ́fíìsì tirẹ̀, ó ń jẹun láti inú òógùn ojú rẹ̀.

ÒFIN "PA ẸNU RẸ MỌ́"

Kí ni ó wá gbé e wọ ìṣèlú? Òfin kan ni. Lákòókò náà, Edward LeBlanc ti ẹgbẹ́ Lébọ̀ ni ó ń darí ìjọba. A gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ nípa ọkùnrin náà: àwọn àgbẹ̀ àti ará abúlé fẹ́ràn rẹ̀, nítorí ó la ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ wọn, ó sì kọ́ ilé ìwé fún àwọn ọmọ wọn. Ṣùgbọ́n àwọn ìwé ìròyìn tí ó wà ní Roseau, olú ìlú wọn, ń ta ko ìjọba rẹ̀ gidigidi. Eugenia Charles náà sì wà lára àwọn tí ó ń kọ̀wé sínú wọn. Ní ọdún 1968, ìjọba gbé òfin kan jáde tí ó lè sọ ohun tí ènìyàn bá kọ lòdì sí ìjọba di ẹ̀ṣẹ̀ ìṣọ̀tẹ̀. Àwọn ará ìlú fún un ní orúkọ tirẹ̀: òfin Pa Ẹnu Rẹ Mọ́.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Eugenia àti àwọn mìíràn kóra jọ, wọ́n ṣe ìpàdé ìta gbangba, wọ́n sì ta ko òfin náà. Láti inú ìkórajọ yìí ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ òṣèlú kan sílẹ̀ ní ọdún yẹn kan náà, tí wọ́n pè ní Dominica Freedom Party, ìyẹn Ẹgbẹ́ Òmìnira. Òun ni ó di aṣáájú rẹ̀.

Kò rọrùn fún un. Ní ìdìbò ọdún 1970, ó du ipò, ó sì fìdí rẹmi. Yíyàn ni wọ́n yàn án sípò láti wọ ilé aṣòfin, kì í ṣe ìbò ni ó gbé e débẹ̀. Àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ ń sọ pé ẹgbẹ́ àwọn olówó ìgboro ni ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà sì ní ìdí tirẹ̀, nítorí ìgboro Roseau ni agbára wọn wà. Ní ọdún 1975 ni àwọn ará Roseau tó dìbò yàn án, tí ó sì di olórí àwọn alátakò nínú ilé. Láti 1968 dé 1980, ọdún 12 ni ó fi wà ní ẹ̀gbẹ́ àwọn tí kò ní àṣẹ lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ pé oúnjẹ ni ó wá síbẹ̀, ebi ì bá ti lé e padà tipẹ́. Ṣùgbọ́n kò retí oúnjẹ níbẹ̀, nítorí ó ti ní iṣẹ́ lọ́wọ́.

ÌJÌ ÌLÚ ÀTI ÌJÌ OJÚ Ọ̀RUN

Ní ọdún 1974, LeBlanc kúrò lórí àga, Patrick John sì gba ipò rẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn òmìnira ni ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ní ọdún 1979, ìjọba tún fẹ́ gbé òfin wá láti dín agbára àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti ìwé ìròyìn kù. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún, àwọn ènìyàn ya bo iwájú ilé ìjọba ní Roseau láti fi ẹ̀hónú hàn. Àwọn ọmọ ogun yìnbọn sí àárín èrò. Ọ̀dọ́kùnrin kan kú, àwọn mìíràn sì fara gbọgbẹ́. Ni gbogbo ìlú bá dáṣẹ́ sílẹ̀. Ní oṣù kẹfà, ìjọba John wó lulẹ̀, wọ́n sì fi Oliver Seraphin ṣe olórí fìdíhẹ.

Bí wọ́n ti ń wá ọ̀nà àti mí lọ́wọ́ ni àjálù mìíràn dé. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 1979, ìjì líle tí wọ́n sọ ní David jà ní Dominica. Ó lé ní 30 ènìyàn tí ó kú. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn ará ìlú ni kò ní òrùlé lórí mọ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ń bọ́ wọn wó lulẹ̀ lọ bẹẹrẹbẹ.

Ẹ wo irú ilé tí a pe obìnrin yìí sí! Ní ọjọ́ 21 oṣù keje ọdún 1980, wọ́n dìbò, Ẹgbẹ́ Òmìnira sì gba ìjókòó 17 nínú 21. Patrick John kò tilẹ̀ rí ìjókòó tirẹ̀ gbà padà. Eugenia Charles di olórí ìjọba ní ẹni ọdún 61, ọjọ́ orí tí àwọn mìíràn ń fi iṣẹ́ sílẹ̀. Oṣù kan kò tíì pé tí ó jókòó sórí àga tí ìjì mìíràn, Allen, fi tún wá wó ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbìn padà.

AJÁ TÍ A FI Ń ṢỌ́LÉ

Ọ̀tá kò sì sinmi. Àwọn ọmọ ogun ìlú náà ni kò ṣeé fọkàn tán mọ́. Nígbà tí ajá tí a fi ń ṣọ́lé bá yíjú padà sí onílé, kí ni onílé yóò ṣe? Ní ọdún 1981, ìjọba Eugenia tú ẹgbẹ́ ọmọ ogun náà ká pátápátá. Láti ìgbà náà, ọlọ́pàá nìkan ni Dominica ní.

Ní oṣù kẹrin ọdún náà, ohun ìyanu kan ṣẹlẹ̀. Àwọn aláwọ̀ funfun kan láti Amẹ́ríkà àti Kánádà kóra jọ ní ìlú New Orleans. Àwọn kan nínú wọn jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Ku Klux Klan, àwọn tí ó kórìíra ènìyàn dúdú. Wọ́n fẹ́ kó ìbọn àti ohun abúgbàù sínú ọkọ̀ ojú omi lọ sí Dominica, kí wọ́n fi ipá gba ìjọba, kí wọ́n sì dá Patrick John padà sórí àga. Ọlọ́kọ̀ tí wọ́n fẹ́ háyà ni ó fi ọ̀rọ̀ náà tó ìjọba Amẹ́ríkà létí, wọ́n sì mú wọn kí wọ́n tó ṣíkọ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún kan náà, àwọn kan tí wọ́n ti jẹ́ ọmọ ogun tẹ́lẹ̀ kọlu àgọ́ ọlọ́pàá àti ọgbà ẹ̀wọ̀n ní Roseau. Ọlọ́pàá kan kú níbẹ̀.

Eugenia kò sọ pé kí wọ́n lọ yìnbọn pa ẹnikẹ́ni lóru. Ilé ẹjọ́ ni ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ. Wọ́n kọ́kọ́ dá Patrick John sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún ẹjọ́ náà dá ní ọdún 1985 ni wọ́n tó rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 12, wọ́n sì tú u sílẹ̀ ní 1990. Ṣùgbọ́n ọ̀gá àwọn ọmọ ogun tẹ́lẹ̀, Frederick Newton, wọ́n so ó rọ̀ ní ọdún 1986. Àwọn kan sọ pé ẹ̀jẹ̀ ọlọ́pàá tí ó kú ń ké, àwọn mìíràn sọ pé ìjọba ì bá ti ṣàánú. Àwa kò ní sọ pé ọ̀rọ̀ náà rọrùn. Ohun tí a mọ̀ ni pé ẹni tí ó bá gba àga ìjọba ti gba irú ẹrù bẹ́ẹ̀ sórí, kò sì sí ẹni tí yóò bá a gbé e. Kí ẹni tí ó ń lé ipò kiri ronú sí ìyẹn kí ó tó sùn.

Ọ̀RỌ̀ GRENADA

Ohun tí ó sọ orúkọ rẹ̀ di ńlá ní gbogbo ayé ni ọ̀rọ̀ Grenada. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá ọdún 1983, àwọn ọmọ ogun pa Maurice Bishop, olórí ìjọba Grenada, àti àwọn kan pẹ̀lú rẹ̀, lẹ́yìn ìjà tí ó bẹ́ sílẹ̀ láàrin ẹgbẹ́ wọn. Eugenia ni alága ẹgbẹ́ àwọn erékùṣù kéékèèké ìhà ìlà oòrùn Karíbíà nígbà náà. Wọ́n ránṣẹ́ pe Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 25 oṣù náà, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà wọ Grenada. Ní ọjọ́ yẹn gan-an, Eugenia dúró ní ẹ̀gbẹ́ Ààrẹ Ronald Reagan níwájú àwọn oníròyìn ní ilé ìjọba Amẹ́ríkà, ó ń ṣàlàyé ìdí rẹ̀.

Àwọn kan yìn ín pé ó gba àwọn aládùúgbò rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn mìíràn bínú, wọ́n ní ó ṣí ilẹ̀kùn fún alágbára láti wọ ilé aláìlágbára. Àpapọ̀ ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dìbò lòdì sí ìwọlé náà, orílẹ̀-èdè 108 sí 9. Títí di òní ni àwọn ènìyàn ṣì ń jiyàn lé e lórí. Ṣùgbọ́n ọ̀tá àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbà lórí ohun kan: kò fi ẹnu méjì sọ̀rọ̀. Ohun tí ó sọ níwájú Reagan náà ni ó sọ nílé.

OWÓ ÌJỌBA LỌ́WỌ́ RẸ̀

Ẹ jẹ́ kí a wá bọ́ sórí ohun tí ó kan ilé wa jù, ìyẹn ọ̀rọ̀ owó. Yàtọ̀ sí pé ó jẹ́ olórí ìjọba, òun fúnra rẹ̀ ló tún ṣe mínísítà ètò ìnáwó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Owó ìrànwọ́ wọlé gan-an lẹ́yìn ìjì náà àti lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Grenada. Wọ́n fi la ọ̀nà, wọ́n sì tún ìlú ṣe. Ẹni tí ó mọ bí owó ìrànwọ́ ti í ṣe ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ yóò béèrè pé, èló ni ó wọ àpò rẹ̀? Òkìkí tí ó ní ni pé ó korò sí jìbìtì àti àbẹ̀tẹ́lẹ̀, kò sì lọ́ra láti bá àwọn tirẹ̀ wí lórí rẹ̀. Ó kọ̀ kí wọ́n kọ́ ilé tẹ́tẹ́ àti ilé ijó alẹ́ kún ìlú nítorí àlejò afẹ́, bí àwọn erékùṣù mìíràn ti ń ṣe. Ó ní igbó àti odò Dominica ti tó ẹwà fún ẹni tí ó bá fẹ́ wá.

Èyí kò sọ pé kò sí àṣìṣe. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sọ pé ọwọ́ rẹ̀ le jù, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì máa ń gún ènìyàn lára. Ní ọdún 1993, ìjọba rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tí àjèjì lè fi owó gba ìwé ọmọ ìlú, ọ̀pọ̀ sì bínú sí i. Àwọn àgbẹ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ń bẹ̀rù bí ọjà wọn ní Yúróòpù yóò ti rí. Ẹ lè rí i nínú ìbò pàápàá: 17 ni wọ́n ní ní 1980, 15 ní 1985, 11 péré ní 1990. Ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn.

Ó LỌ KÍ WỌ́N TÓ NÍ KÓ MÁA LỌ

Ní ọdún 1991, Ọbabìnrin Elizabeth fi oyè Dame dá a lọ́lá ní ìlú Harare ní Zimbabwe, níbi tí àwọn olórí orílẹ̀-èdè tí Gẹ̀ẹ́sì ti ṣàkóso rí ti ṣe ìpàdé. Ẹni mìíràn ì bá ti rí ọlá bẹ́ẹ̀ kí ó sọ pé òun kò kúrò mọ́. Ní ọdún 1995, ní ẹni ọdún 76, obìnrin yìí kò du ipò mọ́. Kò sí ẹni tí ó fi ìbọn lé e, kò sí òfin tí ó ní kó má du ipò. Ó ti fi ipò olórí ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún Brian Alleyne, ẹgbẹ́ náà sì fìdí rẹmi nínú ìdìbò oṣù kẹfà. Ìjókòó 5 ni wọ́n rí gbà. Ní ọdún 2000, ó ku 2. Bóyá ibí ni àléébù rẹ̀ tí ó tóbi jù wà: ó kọ́ ilé ńlá, ṣùgbọ́n òpó kan ṣoṣo ni ó gbé òrùlé ró, òun fúnra rẹ̀ sì ni òpó náà.

Kí ni ó wá ṣe lẹ́yìn tí ó kúrò? Ó tún padà sí ilé ìwé, ní yunifásítì kan ní Washington. Ẹni ọdún 76, tí ó ti jókòó pẹ̀lú àwọn ààrẹ, tún jókòó níwájú olùkọ́. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹsàn-án ọdún 2005, ó kú ní Martinique, níbi tí wọ́n ti gbé e lọ fún ìtọ́jú. Ẹni ọdún 86 ni.

ẸNI TÍ Ó NÍ ILÉ LÁTI PADÀ SÍ

Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí a padà sórí ìbéèrè yín. Kí ni ó mú kí obìnrin yìí lè sọ "rárá" fún ìjọba nígbà tí kò ní àṣẹ, kí ó sì lè sọ "ó tó" nígbà tí ó ní in? Lójú tiwa, kì í ṣe nítorí pé ó gbọ́n ju gbogbo ènìyàn lọ. Ó ní iṣẹ́ kí ó tó ní ipò. Nígbà tí ó fìdí rẹmi ní 1970, ọ́fíìsì lọ́yà rẹ̀ ń dúró dè é. Nígbà tí ó kúrò ní 1995, ó ní ilé, ó ní orúkọ, ó sì ní ohun tí ó lè fi ọjọ́ rẹ̀ ṣe. Ẹni tí ó bá ní ibi tí yóò padà sí, kò ní fi eyín di àga mú.

Ẹni tí kò ní nǹkan kan lẹ́yìn ìṣèlú ńkọ́? Bí ọ̀gá rẹ̀ bá ní kí ó parọ́, yóò pa á, nítorí àtijẹ ọ̀la. Bí wọ́n bá ní kí ó buwọ́ lu ìwé jìbìtì, yóò buwọ́ lù ú, nítorí owó ilé ìwé àwọn ọmọ. Kò ní burúkú lọ́kàn nígbà tí ó wọlé, ṣùgbọ́n ebi ti di ọ̀gá rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni a sì ń rí tí kò lè lọ mọ́, tí ó ń jẹ títí tí kò fi kù sí àwo. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Nítorí náà, bí ọmọ yín bá ní òun fẹ́ ṣe òṣèlú, ẹ má ṣe fi igbe bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bi í pé: "Iṣẹ́ wo ni ó wà lọ́wọ́ rẹ? Bí wọ́n bá lé ọ kúrò lọ́la, kí ni wàá jẹ?" Bí kò bá rí ìdáhùn sí i, ẹ ní kí ó lọ kọ́ṣẹ́ ná, kí ó ṣe é kí ó mọ́ ọn lọ́wọ́, kí orúkọ rẹ̀ sì jáde nínú rẹ̀. Ọdún 19 kò pọ̀ jù. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í ní ìbéèrè kejì: "Kí ni ó ń dùn ọ́ nínú ìlú, tí o fi fẹ́ lọ?" Eugenia Charles ní ìdáhùn sí èyí ní ọdún 1968: òfin tí ó fẹ́ dí ẹnu aráàlú ni. Bí ọmọ yín bá ní irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀, tí iṣẹ́ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ súre fún un, kí ẹ sì jẹ́ kí ó máa lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe kó ẹrù yín kúrò nínú yàrá rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó mọ̀ pé ilé ṣì wà níbẹ̀ fún òun láti padà sí.